Póìntì Tí Yóò Gbé Lavonne Dé Alaska

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Merle kò tíì parí tí Lavonne fi gbé fóònù, tó pe ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì àwìn wọn, tó sì sọ fún wọn pé ọkọ òun ti kú. Kò sẹ́ni tó ní kó pè. Ohun tó rò ni pé bí èèyàn bá kú, ó yẹ kí àwọn tó ń bá a ná owó gbọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn ní Van Wert, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí èèyàn ti máa ń wakọ̀ padà lọ fún olùtajà ní ṣéńjì tó bá lé.

Ọmọkùnrin kan ló dáhùn. Ohùn ẹ̀ tutù bí ẹni pé òun náà wà níbi ìsìnkú.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Mo ti pa káàdì náà dé báyìí. Ẹnikẹ́ni ò ní lè lò ó mọ́."

"O ṣé, ọmọ mi. Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín bíi ti báwo, mà?"

"Èyí tó wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i lára. Lavonne Ketterman."

"Orúkọ yín ni lóòótọ́, mà, àmọ́ káàdì ọkọ yín ni. Ó kàn gbà yín láyè kẹ́ ẹ máa bá a lò ó ni. Bí tiẹ̀ ṣe pa dé yẹn, tiyín náà ti pa dé."

Lavonne ṣí pọ́ọ̀sì, ó wo káàdì náà. Ó ti ń fa káàdì yẹn yọ kí irun orí ẹ̀ tó funfun. Òun ló fi ra bàtà tí Merle wọ sínú pósí.

"Póìntì wa ńkọ́?"

"Póìntì bá káàdì lọ ni, mà. Ó wà nínú àdéhùn tí ọkọ yín fọwọ́ sí."

"Póìntì Alaska ni," Lavonne wí, bí ẹni pé ọmọ náà á mọ ohun tóun ń sọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé nǹkan mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe lónìí?"

Kò sí nǹkan mìíràn.

Ọdún mọ́kànlá ni Merle fi kó póìntì yẹn jọ, ẹ̀bùn tí káàdì ń fúnni lórí ohun téèyàn bá fi rà, tí wọ́n lè fi wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìkó-àgbàdo-sí ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, kò kàwé púpọ̀, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti kan póìntì, kò sẹ́ni tó tó o bá jiyàn. Kì í fi owó ọwọ́ ra ohunkóhun, ì báà ṣe ṣingọ́ọ̀mù. Á kọjá ilé epo méjì kó tó dé èyí tí káàdì ti ń fún un ní póìntì ìlọ́po méjì, á sì ti jó gbogbo èrè ọ̀hún tán lójú ọ̀nà. Lavonne máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Merle á ní kò yé e ni.

Alaska ni Bernita ń gbé, ẹ̀gbọ́n Lavonne. Ìyá wọn kú nígbà tí Lavonne ṣì ń wọ́ ọmọláńgidi káàkiri ilé. Bernita ló wẹ̀ ẹ́, tó dì í nírun, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń gé e sí núdùlù lórí tábìlì. Nígbà tó yá, Bernita fẹ́ apẹja kan, wọ́n kó lọ sí Anchorage, àti ìgbà yẹn, orí fóònù nìkan ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń pàdé. Lọ́dọọdún tí ooru bá ti ń mú, Lavonne á bi ọkọ ẹ̀ bóyá póìntì ti tó.

"Ó ti tó tipẹ́," Merle á ní. "Ṣùgbọ́n àsìkò tó yẹ ká lò ó kọ́ nìyí. Tá a bá lò ó báyìí, òfò ni. Jẹ́ kí owó bàálù gbówó lórí dáadáa ná. Ìgbà yẹn lèèyàn máa ń jẹ èrè póìntì."

Tí owó bàálù bá wá gbówó lórí, á tún ní ó máa lọ sókè sí i. Bó ṣe ń dúró de àsìkò tó yẹ nìyẹn títí ọkàn ẹ̀ fi dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú gáréèjì lóṣù kejì.

Ní Ọdún Àjíǹde, Trudy pè. Ọmọ Bernita ni, òun ló ń tọ́jú ìyá ẹ̀.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ Màmá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ arúgbó lásán. Dókítà ní àìsàn ìgbàgbé ni. Lánàá, ó bi ọkọ mi bóyá òun ni wọ́n rán wá tún omi ẹ̀rọ ṣe."

"Bernita?"

"Ohùn yín nìkan ni kì í ṣì mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pè, á dìde jókòó. Dókítà ò fẹ́ dá ọjọ́, àmọ́ ó ní tí ẹnikẹ́ni bá wà tó fẹ́ kó rí òun kó sì mọ òun, kó tètè wá kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n gé owó ẹ̀ wálẹ̀, ọ̀la ló máa parí. Èló ló wà nínú agolo yín?"

Agolo kọfí kan wà lórí fíríìjì Lavonne. Owó tó rí nígbà tó ta ọkọ̀ ojú omi kékeré tí Merle fi ń pẹja ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú owó páì tó ń yan fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ iye ẹ̀ fún Trudy.

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Èmi àti ọkọ mi á fi ìyókù kún un. Kí n rà á?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa bá mi fún ológbò lóúnjẹ. Mà á pè ọ́ nírọ̀lẹ́."

"Ẹ má gbàgbé o, Àǹtí." Trudy wá fi fóònù sí ìyá ẹ̀ létí.

"Vonnie," Bernita wí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀. "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ó ti kù díẹ̀, Àǹtí Bernita."

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Lọ́tẹ̀ yìí, mò ń bọ̀."

Àná Lavonne ló yẹ kó fún ológbò lóúnjẹ. Arlys lorúkọ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Merle obìnrin, opópónà kejì ló ń gbé. Ó ti jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, ó ti bẹ̀rẹ̀ kọfí kejì, kó tó bèèrè ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pe òun. Bí Lavonne ṣe dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì, ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé ara ẹ yá?"

"Kí ló ṣe mí?"

"Owó lo fẹ́ kó fún wọn? Owó gidi, láti inú agolo?"

"Kí ni wọ́n ń gbà, ewé?"

"Ẹni tí ò bá mọ nǹkan kan ló ń fi owó wọ bàálù nílẹ̀ yìí. Mo ti dé Florida, mo ti dé Las Vegas ẹ̀ẹ̀mejì, sọ fún mi bóyá mo san kọ́bọ̀."

"O ò kúkú ṣe nǹkan kan ní Las Vegas ju kó o máa sanwó nídìí tẹ́tẹ́ lọ."

"Ìyẹn kì í ṣe owó bàálù." Arlys ṣí báàgì, ó tú káàdì ẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni fẹ́ pín káàdì ayò. Ó lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i: epo, oúnjẹ, oògùn, òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan wà tó kọ "Kérésì" sí. "Wo àwọn ọmọ mi. Kò sí èyí tó ń gba owó ọdọọdún níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń bọ́ mi. Ìwọ ò ní ẹyọ kan. Àbúrò mi pa ara ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ póìntì, òun ò tíì tutù nínú ilẹ̀ tó o fẹ́ lọ máa ná owó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Lavonne. Kò sọ pé ó dun òun. Ká ní ó sọ ni, bóyá wọn ì bá jà, ì bá sì ti pe Trudy nírọ̀lẹ́ yẹn pẹ̀lú ìbínú, tíkẹ́ẹ̀tì ì bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ ó dìde, ó da mílíìkì kún kọfí Arlys.

"Kí ni ká wá ṣe?" ó bèèrè.

Arlys gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ẹ̀ jáde. Wọ́n ń wo oríṣiríṣi káàdì níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ẹ̀bùn tó wà lórí èyí àkọ́kọ́ pọ̀ débi tí Lavonne fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń gba owó ọdọọdún, Arlys sì yí i kọjá bí ẹni rí ẹ̀gbin.

"Èyí ń fún èèyàn ní póìntì mẹ́rin tó bá jẹun níta," Arlys wí.

"Ta ló ń jẹun níta? Ogún ọdún ni mo fi se oúnjẹ iléèwé. Mi ò lè jókòó kí ẹlòmíràn máa gbé ọbẹ̀ tó sè jínnájínná wá fún mi."

"Èyí wà fún epo."

"Ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mò ń lọ."

"O le bí òkúta. Ó dáa, wo èyí. Kò gba owó ọdọọdún. Ohunkóhun tó o bá rà, ì báà ṣe ìrésì, ì báà ṣe oògùn eku, iye kan náà ló ń fún ẹ. Tó o bá wá ná iye tí wọ́n kọ síbí láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á da póìntì rẹpẹtẹ lé e, ẹ̀bùn ìkíni-káàbọ̀ ni. Ẹ̀bùn yẹn nìkan á gbé ẹ lọ sí Alaska, á gbé ẹ bọ̀, agolo ẹ á ṣì kún. Wàá lè ra nǹkan fún Bernita. Wàá lè ra bàtà yìnyín tó dáa."

Lavonne wo àwòrán káàdì náà. Àwọ̀ búlúù ni, wọ́n ya òkè ńlá kan sí i lára. Ó dà bí Alaska.

"Ìgbà wo ni ẹ̀bùn yẹn máa wọlé?"

"Tó o bá ti ná owó yẹn tán. Ká ní oṣù kẹjọ."

"Trudy ní kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé lóṣù kẹjọ ni yìnyín ń bẹ̀rẹ̀ ni? Ìgbà yẹn gan-an ló dáa jù. Ẹja ń wọ odò, Merle sọ bẹ́ẹ̀." Arlys fọwọ́ lé ọwọ́ ẹ̀. "Ìyàwó wa, ohun tó fẹ́ fún ẹ nìyí. Kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Lavonne pe Trudy nírọ̀lẹ́, ó ní kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì náà.

"Ó dáa, Àǹtí," Trudy wí. "Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló dáa."

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kọ orúkọ Lavonne sílẹ̀ fún káàdì olókè ńlá. Arlys ló ń tẹ̀ ẹ́, Lavonne ń pe ìdáhùn: ọjọ́ ìbí, ilé, owó tí ìjọba ń san fún un lóṣooṣù. Ìdáhùn dé kó tó nu awò ojú ẹ̀ tán. Arlys kà á, ó tún un kà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò lè fún ẹ báyìí."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó fà á gan-an nìyẹn." Arlys ń ra ọwọ́. "Wọ́n ní àwọn wá orúkọ ẹ níbi tí wọ́n ń kọ àwìn gbogbo èèyàn sí, àwọn ò sì rí nǹkan kan. Ilé, orúkọ Merle. Ọkọ̀, orúkọ Merle. Iná, Merle. Káàdì, Merle. Lójú wọn, o ò ra nǹkan kan láwìn rí, o ò san nǹkan kan rí. Wọn ò mọ̀ ọ́ ni, Lavonne."

"Mo lé lọ́gọ́ta ọdún."

"Mo mọ̀."

"Èmi ni mo máa ń kọ sọ̀wédowó ilé yẹn lóṣooṣù. Ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ ọ́."

"Mo mọ̀, ìyàwó wa. Ẹ̀rọ ni. Kì í rí ọwọ́."

Lavonne lọ sẹ́yìn ilé, ó dúró sídìí okùn aṣọ. Kò sunkún. Ó ń ro ó bóyá òun lè pe Trudy padà, àmọ́ ẹ̀dínwó ti parí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì ti padà sí iye rẹ̀, àkókò ooru sì ń bọ̀ tí iye rẹ̀ máa lé ní ìlọ́po méjì. Ohun tó wà nínú agolo ti di ìdajì ọ̀nà. Ọkọ Trudy wá ṣèṣe lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ẹja lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì ríṣẹ́ ṣe mọ́. Trudy ò sọ̀rọ̀ pé òun máa fi kún un mọ́. Lavonne náà ò bèèrè.

Arlys ló mú un lọ sí báǹkì kékeré tó wà nítòsí kóòtù. Obìnrin tó dá wọn lóhùn níbẹ̀ ti jẹ oúnjẹ Lavonne rí nígbà tó wà níléèwé, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń fi ẹran kún tèmi, mà. Mi ò gbàgbé. Ohun tá a lè ṣe nìyí. Káàdì kan wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò gba owó ọdọọdún, ó ń fúnni ní póìntì pẹ̀lú, àmọ́ díẹ̀ ni. Ẹ máa kó owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó tì í pa. Iye tẹ́ ẹ bá kó sílẹ̀ lẹ máa lè ná lórí káàdì. Tẹ́ ẹ bá ń san án pé déédéé, orúkọ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, a ó sì dá owó yín padà tó bá pé ọdún kan."

"Ọdún kan," Lavonne wí.

"Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n á ti mọ orúkọ ẹ," Arlys dá sí i. "Olókè ńlá á gbà ẹ́. Tí mo bá ń parọ́, ẹ sọ, ẹ̀yin ará báǹkì."

Obìnrin náà ní ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Owó tó wà nínú agolo ni wọ́n fi sílẹ̀. Kò sí òmíràn. Inú agolo náà gan-an ló gbé e wá, torí kò rí àpò ìwé kankan, gbogbo tábìlì sì ń rùn kọfí nígbà tí obìnrin yẹn ń kà á. Nígbà tí wọ́n ń wakọ̀ lọ sílé, Lavonne gbé agolo òfìfo náà lé itan. Owó tó fẹ́ fi lọ rí Bernita ló ti tì pa kí wọ́n lè fún un ní káàdì tí yóò fi lọ rí Bernita. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, kò rí ibi tí ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ó bi Arlys.

"Ibi tí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," Arlys fèsì.

Láti ìgbà náà ni Lavonne ti di Merle. Ó ń fi káàdì ra ẹyin, ó ń fi ra sítáǹbù. Nígbà tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ra adìẹ fún oúnjẹ àjọjẹ, ó ní kí gbogbo wọn kó owó wọn fún òun, òun á fi káàdì òun sanwó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba owó lọ́wọ́ wọn bí agbowó ọkọ̀.

"Lavonne, ṣé o ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni?" ọ̀kan bi í. "Kò tíì sí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi kíákíá báyìí."

"Alaska ni," ó wí.

"Wàá bá wa kí àwọn béárì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Tó bá wá délé, á wo póìntì ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé. Ó ń wọlé bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì dáadáa.

Ọjọ́ Sunday ló ń pe Bernita. Lóṣù karùn-ún, Bernita ní kó bá òun kí Merle. Lavonne sọ fún un pé Merle ti kú, Bernita sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ní kó bá òun kí Merle. Lavonne ní òun á kí i. Lóṣù keje, ó pè é lórúkọ ìyá wọn, ó wá tún un ṣe fúnra ẹ̀, ó ní, "Vonnie ni, mo mọ̀, Vonnie ni. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Tí póìntì bá ti pé, Àǹtí Bernita. Bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, mò ń bọ̀."

"Mà á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Lóṣù kẹjọ, tí Arlys ti ní ẹja ń wọ odò, wọ́n tún kọ orúkọ Lavonne sílẹ̀ fún olókè ńlá. Wọ́n tún kọ̀. Wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ti ń hàn báyìí, àmọ́ kò tíì pẹ́ tó. Arlys bú wọn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wá ń to àwọn káàdì ẹ̀ sórí ara wọn, ó ń tú wọn ká.

"Ká ní mo ti mọ̀," ó wí.

"Kí lò bá ṣe?"

Arlys wá bẹ̀ Lavonne pé kó jẹ́ kí òun fi káàdì òun ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó fi tìtìjú sọ ọ́, torí póìntì tiẹ̀ ti lọ sí Las Vegas, àwìn lásán ló sì máa jẹ́, tí àwọn méjèèjì ò ní lè san tán kí Kérésì tó dé. Lavonne ní kò pọndandan. Ó ní òun á dúró di oṣù kẹwàá, tí oṣù mẹ́fà á fi pé. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló gbọ́ ohùn Merle nínú ohùn ara ẹ̀. Àsìkò tó yẹ kọ́ nìyí. Ó gbọ́ ọ dáadáa, kò sì yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Nígbà tí èèyàn bá ti dúró tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń rò pé òmùgọ̀ lòun máa jẹ́ tí òun ò bá dúró díẹ̀ sí i.

Sunday kejì nínú oṣù kẹwàá, tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù mẹ́fà pé, Lavonne jókòó sí tábìlì ilé ìdáná. Káàdì ẹ̀ wà níwájú ẹ̀, pẹ̀lú bébà tí báǹkì fi ránṣẹ́ láti fi ohun tí póìntì ẹ̀ lè rà hàn án. Ó tó ra àpò ìrìnàjò kékeré kan, èyí tó ní táyà lẹ́sẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà Anchorage.

"Àǹtí," Trudy wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́kàn le. Ọ̀sẹ̀ yìí ò dáa. Yìnyín sì bọ́ lánàá."

"Fún un ní fóònù."

Ó gbọ́ tí fóònù ń fara ra aṣọ, ó wá gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Ẹ ǹ lẹ́ o," Bernita wí. Ohùn ẹ̀ dùn, ó mọ́, bí ìgbà tó máa ń dá oníwàásù tó bá kan ilẹ̀kùn lóhùn.

"Àǹtí Bernita, èmi ni."

"Ẹ má bínú, mi ò gbọ́ orúkọ yín."

"Lavonne ni."

"Ẹ ṣeun, Lavonne. Ẹ má bínú, mi ò ní lè pẹ́ lórí fóònù. Mò ń retí àlejò. Àbúrò mi ń bọ̀ láti Ohio."

Lavonne di etí tábìlì mú.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Vonnie ni wọ́n ń pè é. Bàálù ló máa wọ̀. Mo fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó dé, torí tó bá ti rẹ̀ ẹ́ báyìí, á sùn síbi tó bá jókòó sí."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ó ní ó ti kù díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń dúró dè, mi ò mọ̀ ọ́n." Bernita rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ mọ bí àwọn ọmọdé ṣe rí."

"Kí lẹ fẹ́ sè fún un?"

"Núdùlù àti adìẹ, lórí pòtétò gígún. Èmi ni mo kọ́ ọ, àmọ́ kì í lè gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Tiẹ̀ máa ń rí gbàǹgbàrà."

"Ó ṣì ń rí bẹ́ẹ̀," Lavonne wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ológbò fò sórí tábìlì, ó tẹ bébà báǹkì mọ́lẹ̀, ó tẹ káàdì náà mọ́lẹ̀. Lavonne ò lé e.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó máa bọ̀ kíá. Ilẹ̀ ti ń tutù níbí."

"Mà á sọ fún un."

"Ẹ ṣeun. Ẹni dáadáa ni yín."

Bernita gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á. Lavonne gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń lọ lórí pákó, ó gbọ́ tó ń bi Trudy pé ìrọ̀rí wo ló mọ́ níbẹ̀, ó wá gbọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Kò pa fóònù tiẹ̀ náà. Ó gbé e mọ́ etí, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà.